Pòtétò sísè, pòtétò díndín: kí ló mú kí ọ̀kan máa ṣara lóore, kí èkejì máa kó ìpayà báni?

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni gbólóhùn kan ti ń jà ràn-ìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì: "Pòtétò ń fa àtọ̀gbẹ." Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n sì yọ pòtétò kúrò nínú oúnjẹ ilé wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni, pé ohun tí aráyé ti ń jẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kò lè ṣàdédé di májèlé. Tọ̀tún-tòsì ló ń tọ́ka sí ìwádìí kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkòkò, omi, òróró àti iná ni ìwádìí ọ̀hún gbé kalẹ̀. Ibẹ̀ ni àlàyé yìí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀ mọ́ra, pòtétò tí à ń sọ níbí ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ànàmọ́ òyìnbó. Ọ̀dùnkún kọ́. Pòtétò bá tòmátì àti ata tan; ìdílé ọ̀tọ̀ ni ọ̀dùnkún ti wá, ohun tí a bá sì sọ nípa ọ̀kan kò fi dandan kan èkejì.

## Kí ni ìwádìí tó dá ariwo yìí sílẹ̀ sọ?

Ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní BMJ ló gbé e jáde. Àwọn olùwádìí, tí àwọn kan nínú wọn wà ní Yunifásítì Harvard, lo àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Amẹ́ríkà tí iye wọn lé ní 205,000. Láti ọdún 1984 títí dé 2021 ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé ìlera wọn, tí wọ́n ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn lóòrèkóòrè: kí lẹ jẹ, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ̀ ń jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀? Láàárín ìgbà náà, 22,299 nínú wọn ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ìyẹn èyí tó máa ń dé bí ara kò bá gbọ́ràn sí ìnsúlínì, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́nu mọ́.

Èsì tó jáde nìyí. Fún gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tí ènìyàn bá ń jẹ pòtétò díndín, irú èyí tí wọ́n ń pè ní French fries, ewu àtọ̀gbẹ fi ìdá 20 nínú 100 ga sí i. Nígbà tí wọ́n da gbogbo oríṣi pòtétò pọ̀, ìdá 5 nínú 100 ló fi ga. Nígbà tí wọ́n wá ya èyí tí a sè, èyí tí a yan àti èyí tí a tẹ̀ di múlọ́múlọ́ sọ́tọ̀, wọn kò rí àlékún ewu kankan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà.

Ìdá 20 yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbọ́ jù. Kò túmọ̀ sí pé bí ènìyàn 100 bá jẹ pòtétò díndín, 20 nínú wọn yóò ní àtọ̀gbẹ. Ẹ jẹ́ ká ní ènìyàn 100 wà tó jẹ́ pé 10 nínú wọn ì bá ní àìsàn náà láìjẹ pòtétò díndín rárá. Bí ewu bá fi ìdá 20 nínú 100 ga, àwọn 10 yẹn di 12. Ó tó ohun tí à ń rò fún ìlú tí èrò pọ̀ sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé kí ẹnì kan máa wárìrì torí àwo kan tó jẹ níbi ìnáwó.

Apá kan wà nínú ìwádìí náà tí àwọn tó ń pín in kiri kì í sábà mẹ́nu bà, mo sì rò pé ibẹ̀ ló wúlò jù. Àwọn olùwádìí béèrè pé: bí ènìyàn bá yọ pòtétò kúrò, kí ni yóò fi rọ́pò rẹ̀? Bí ó bá yọ pòtétò díndín ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tó fi ọkà tí a kò bó eèpo rẹ̀ dà nù rọ́pò, ewu fi ìdá 19 nínú 100 wálẹ̀. Bó bá jẹ́ pòtétò sísè tàbí yíyan ló yọ, ìdá 4 péré ló fi wálẹ̀. Bó bá wá jẹ́ ìrẹsì funfun ló fi rọ́pò èyí tí a sè tàbí tí a yan, ńṣe ni ewu tún ga sí i. Ẹni tó sá fún pòtétò sísè lọ bá ìrẹsì funfun kò tíì sá fún ohunkóhun.

## Ṣé a lè wá fọwọ́ sọ̀yà pé pòtétò díndín ló ń fa àtọ̀gbẹ?

Rárá, kì í ṣe láti inú irú ìwádìí yìí nìkan. Wíwo ni wọ́n wo àwọn ènìyàn. Wọn kò pín wọn sí ọ̀nà méjì kí wọ́n ní kí apá kan jẹ pòtétò díndín, kí apá kejì má jẹ ẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn pòtétò díndín lè fẹ́ràn ohun mímu aládùn pẹ̀lú, ó sì lè máà fi bẹ́ẹ̀ ṣe eré ìdárayá. Àwọn olùwádìí ṣírò irú nǹkan báwọ̀nyí mọ́ ọn, àmọ́ kò sí ìṣirò tó lè gbọn gbogbo rẹ̀ dà nù tán.

Ohun tó ń mú kí ẹ̀rí náà wúwo ni pé kì í ṣe ìwádìí kan ṣoṣo ló ń tọ́ka síbẹ̀. Ní 2017, ìwádìí kan tí wọ́n fi ọdún mẹ́jọ ṣe lórí àwọn ènìyàn 4,440 rí i pé àwọn tó ń jẹ pòtétò díndín ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ tètè ń kú ju àwọn yòókù lọ, bẹ́ẹ̀ pòtétò tí a kò dín kò ní irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ikú.

Síbẹ̀ àwọn èsì kan wà tó ta ko ara wọn. Ní 2016, BMJ kan náà gbé ìwádìí mìíràn jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru. Nínú ìyẹn, jíjẹ pòtétò sísè, yíyan tàbí títẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ bá ìdá 11 nínú 100 àlékún ewu ẹ̀jẹ̀ ríru rìn, ti díndín sì jẹ́ ìdá 17. Nígbà tó di 2022, wọ́n ṣe irú ìdánwò tí wọ́n ti ń pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: àwọn kan jẹ pòtétò díndín tó tó 300 kálórì lójoojúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, àwọn kan jẹ èso álímọ́ńdì tí kálórì rẹ̀ bá a dọ́gba. Ọ̀rá ara àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ níkẹyìn. Àwọn tó ń gbèjà pòtétò máa ń fi ìdánwò yìí hàn. Àwọn alátakò náà máa ń dáhùn pé ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pòtétò ló náwó sí i, àti pé ọgbọ̀n ọjọ́ kéré jọjọ sí àìsàn tó ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fojú hàn. Òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

## Kí ló wà nínú pòtétò kí iná tó kàn án?

Omi ló pọ̀ jù: nǹkan bí gíráàmù 79 nínú gbogbo 100 gíráàmù pòtétò tí a kò tíì sè. Sítáàṣì ló tẹ̀ lé e. Púrótéènì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 2, ọ̀rá rẹ̀ kò tó nǹkan, gbogbo agbára tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ bíi 77 kálórì. Ó ní fítámì C tó sún mọ́ mílígíráàmù 20, ó sì ní potassium tó lé ní mílígíráàmù 400. Potassium yìí jẹ́ èròjà tí ara fi ń tú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí èsì ẹ̀jẹ̀ ríru ti 2016 fi ya ọ̀pọ̀ onímọ̀ lẹ́nu.

Sítáàṣì inú pòtétò tí a kò tíì sè wà nínú àwọn hóró kéékèèké tó le pinpin, tí omi tó ń da oúnjẹ nínú ìfun kò lè tètè wọ̀. Bí a bá jẹ ẹ́ láìsè, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò gba inú ìfun kọjá láìdà. Iná ló ń ṣí wọn. Bí omi gbígbóná bá ti wọ inú àwọn hóró yìí, wọn a wú, wọn a bẹ́, sítáàṣì a sì rọ̀. Láti ìgbà náà lọ ni ara ti lè yára sọ ọ́ di ṣúgà. Gbogbo àríyànjiyàn tó kù nípa pòtétò, bí a ti ṣí sítáàṣì yẹn tó, àti ohun tí a dà lé e lórí lẹ́yìn tí a ṣí i tán, ni wọ́n ń dá lé.

## Ṣé sísè nínú omi ló dára jù nígbà náà?

Ó dára, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó ń gbà lọ. Iná máa ń ba fítámì C jẹ́, omi a sì tún fọ díẹ̀ lọ. Ní ti potassium, iná kò lè bà á jẹ́. Ńṣe ló máa ń bọ́ sínú omi ìsè. Ẹni tó bá fi omi náà ṣe ọbẹ̀ ti gbà á padà. Ẹni tó bá dà á nù ti da potassium nù mọ́ ọn. Nítorí náà, pòtétò tí a sè lódidi pẹ̀lú eèpo rẹ̀ máa ń pa èròjà mọ́ ju èyí tí a bó, tí a gé wẹ́wẹ́, kí a tó sè é lọ.

Ohun kan náà yìí ni àwọn aláìsàn kíndìnrín ń wá, láti òdìkejì. Kíndìnrín wọn kì í lè lé potassium jáde dáadáa, ìyẹn ni àwọn onímọ̀ oúnjẹ fi máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n gé pòtétò kéékèèké, kí wọ́n sè é nínú omi púpọ̀, kí wọ́n sì da omi náà nù. Gígé e ní wẹ́wẹ́ kí a tó sè é lè yọ tó ìdajì potassium inú rẹ̀. Rírẹ ẹ́ sínú omi tútù nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìmọ̀ràn yẹn ti tàn kálẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìkòkò kan náà nìyẹn: ohun tó jẹ́ àdánù fún ẹnì kan ni oògùn ẹlòmíràn.

Ní ti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, òṣùwọ̀n tí wọ́n máa ń lò ni glycaemic index, tí David Jenkins àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Toronto gbé jáde ní 1981. Ó ń wọn bí oúnjẹ ṣe ń tètè gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè sí, tí ṣúgà glucose lásán jẹ́ 100. Nọ́ńbà pòtétò lórí òṣùwọ̀n yìí kì í dúró sójú kan. Pòtétò sísè lè wà ní 50 ó lé díẹ̀, ó sì lè kọjá 80, bí irú rẹ̀ bá ti rí àti bí a bá ti sè é pẹ́ tó. Èyí tí a yan lódidi nínú ààrò ga jùyẹn lọ nígbà mìíràn. Pòtétò ìyẹ̀fun alágbàlọ́, tí a kàn ń da omi gbígbóná lé, wà lára àwọn tó ga jù, torí pé ilé-iṣẹ́ ti sè é, ti tẹ̀ ẹ́, ti gbẹ ẹ́; iṣẹ́ tí ìfun ì bá ṣe ti parí kó tó dé ẹnu.

Àwọn tó ń ṣàríwísí òṣùwọ̀n yìí ní kò sẹ́ni tó ń jẹ pòtétò lásán. Bí a bá jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́ tàbí òróró díẹ̀, ṣúgà kò ní yára gòkè bẹ́ẹ̀. Pòtétò díndín gan-an máa ń ní nọ́ńbà tó kéré ju ti yíyan lọ nígbà mìíràn, nítorí ọ̀rá máa ń fa ọwọ́ ìdà oúnjẹ sẹ́yìn. Ẹni tó bá fi nọ́ńbà yìí nìkan yan oúnjẹ lè torí bẹ́ẹ̀ parí èrò sí pé díndín ló sàn, ìyẹn sì ta ko gbogbo ohun tí a ti rí lókè.

Wọ́n tún ti wọn ìyó. Ní 1995, Susanna Holt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Sydney fún àwọn ènìyàn ní oúnjẹ 38 tí kálórì wọn dọ́gba, wọ́n sì béèrè bí wọ́n ṣe yó tó. Wọ́n fi búrẹ́dì funfun sí 100. Pòtétò sísè gba 323, òun ló sì yóni jù nínú gbogbo wọn. Pòtétò díndín gba 116.

## Òótọ́ ni pé pòtétò tó ti tutù sàn ju èyí tó gbóná lọ?

Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àbùmọ́ ti wọ̀ ọ́. Bí pòtétò sísè bá tutù, díẹ̀ nínú sítáàṣì tí iná ti ṣí yóò tún padà so pọ̀, yóò sì le débi pé omi tó ń da oúnjẹ kò ní lè tètè fọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní sítáàṣì agbóguntìdà. Kì í di ṣúgà nínú ìfun kékeré. Inú ìfun ńlá ló máa ń lọ, níbi tí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wúlò ti ń fi ṣe oúnjẹ, tí wọ́n sì ń ti ara rẹ̀ pèsè èròjà tó ń bọ́ ògiri ìfun náà. Bí a bá tún un gbé kaná, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa ń sọnù.

Àmọ́ díẹ̀ la ní o. Èyí tó pọ̀ jù nínú sítáàṣì náà ṣì ń di ṣúgà bó ti yẹ. Pòtétò tútù kò sọ àwo ńlá di àwo kékeré fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Bí a ṣe ń tu ú sì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Ní 1994, ènìyàn 30 ṣàìsàn ní El Paso, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, nítorí pòtétò tí wọ́n wé mọ́ bébà onírin, tí wọ́n yan, tí wọ́n sì fi sílẹ̀ níta láìgbé e sínú fíríìjì kí wọ́n tó fi ṣe oúnjẹ. Bébà yẹn kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kòkòrò tó ń fa botulism sì rí ibi tó tù ú lára láti pọ̀. Májèlé rẹ̀ lè rọ iṣan ènìyàn títí kan èyí tí a fi ń mí. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ pòtétò tútù, kó tú bébà kúrò lára rẹ̀, kó sì gbé e sínú fíríìjì kíákíá.

## Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú òróró gbígbóná?

Nǹkan méjì ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi inú pòtétò a di ooru, a sì jáde. Òróró a gba ipò rẹ̀. Bí a bá ti gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tó ni omi yóò ti jáde tó. Nínú 100 gíráàmù, pòtétò tí a sè pẹ̀lú eèpo ní bíi 87 kálórì. French fries ní bíi 312, pẹ̀lú ọ̀rá tó tó gíráàmù 15. Ṣípìsì pelebe tí wọ́n ń tà nínú làílọ́ọ̀nù ní bíi 536, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rá. Iyọ̀ a tún wá gun orí gbogbo rẹ̀.

Èkejì ni èròjà kan tó ń jẹ́ acrylamide, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní gbígbọ́. Ní 1997, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ ihò ọkọ̀ ojú irin gba inú òkè Hallandsås ní Sweden lo ohun àlẹ̀mọ́ kan tó ní acrylamide nínú láti dí ibi tí omi ti ń jò. Ó ṣàn sínú odò. Ẹja kú, màlúù tó mu omi náà kò lè dìde mọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Stockholm yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà wò, wọ́n mú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò débẹ̀ rí láti fi wé e. Sí ìyàlẹ́nu wọn, àmì acrylamide wà lára àwọn yẹn náà. Níbo ló ti wọlé? Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìdáná. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2002 ni ìjọba Sweden kéde pé ó wà nínú oúnjẹ tí a dín tàbí tí a yan, pàápàá ṣípìsì àti pòtétò díndín.

Bó ṣe ń wáyé nìyí: èròjà asparagine àti àwọn ṣúgà kan, tí pòtétò ti bí mọ́ra, máa ń bá ara wọn ṣiṣẹ́ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 120 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iṣẹ́ yìí kan náà ló ń fún oúnjẹ ní àwọ̀ búráwùn àti òórùn dídùn. Omi tó ń hó kì í kọjá 100, ìdí nìyẹn tí pòtétò sísè kì í fi í ní in. Fífi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún un lórí iná lẹ́yìn tó ti pupa tán a máa fi kún acrylamide gidigidi.

## Ṣé acrylamide ń fa jẹjẹrẹ?

Àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn láti 1994. Ẹranko ni ẹ̀rí yẹn dá lé, iye tí wọ́n sì fún wọn pọ̀ ju ohun tí ènìyàn ń jẹ lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n wo ènìyàn fúnra wọn, èsì kò ṣọ̀kan.

Ohun tí ọ̀nà pín sí ni ohun tó yẹ kí a ṣe bí nǹkan bá rí báyìí. Àwọn kan ní kí a dúró de ẹ̀rí tó dájú. Ilẹ̀ Yúróòpù kò dúró: láti oṣù Kẹrin 2018 ni òfin wọn ti ń béèrè pé kí àwọn tó ń ṣe oúnjẹ tà máa dín in kù, pẹ̀lú ìwọ̀n àfojúsùn máíkírógíráàmù 500 nínú kìlógíráàmù kan fún pòtétò díndín àti 750 fún ṣípìsì. Ní California, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Ní 2008, àwọn ilé-iṣẹ́ ṣípìsì mélòó kan gbà láti dín in kù nínú ọjà wọn.

Nínú ilé ìdáná, ìmọ̀ràn tí kò ní àríyànjiyàn ni pé kí a rẹ pòtétò tí a gé sínú omi fún ìṣẹ́jú 15 sí 30 kí ṣúgà ara rẹ̀ lè ṣàn lọ, kí a nù ún gbẹ, kí a sì sọ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó bá pupa bíi wúrà, kó tó dúdú. Ìmọ̀ràn nípa fíríìjì ni wọ́n yí padà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé òtútù máa ń sọ sítáàṣì pòtétò tí a kò tíì sè di ṣúgà, kí a má gbé e síbẹ̀. Ní 2023, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Britain ní ẹ̀rí tuntun fi hàn pé ìyàtọ̀ tó ń mú wá fún pòtétò inú ilé kò tó nǹkan, pé a lè gbé e síbẹ̀ kó má baà ṣòfò. Ẹni tó bá gbọ́ ohùn méjèèjì, tí orí rẹ̀ sì dàrú, kò jẹ̀bi.

## Bí a bá yí òróró padà ńkọ́?

Àríyànjiyàn yìí náà gbóná ní 2025. Ọ̀rá màlúù ni McDonald's fi ń dín pòtétò ní Amẹ́ríkà títí di 1990, kó tó yí sí òróró ewéko. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ilé oúnjẹ Steak 'n Shake bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀rá màlúù, Robert F. Kennedy Kékeré, mínísítà ìlera Amẹ́ríkà, sì yìn wọ́n. Èrò tirẹ̀ ni pé òróró tí a fún láti ara hóró èso ló ń ba ìlera jẹ́. Àwọn onímọ̀ ọkàn tó pọ̀ jù kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nǹkan bí ìdajì ọ̀rá màlúù ló jẹ́ irú ọ̀rá tó ń gbé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù burúkú sókè, òróró ewéko sì máa ń mú un wálẹ̀ bó bá gba ipò rẹ̀.

Ẹ̀yìn méjèèjì ni ohun kan fara pa mọ́ sí: yálà ọ̀rá màlúù ni o, yálà òróró ewéko ni, kálórì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iyọ̀ ò yí padà, ooru tó ń fa acrylamide ò sì dín kù. Èyí tó burú ju méjèèjì lọ ni òróró ewéko tí wọ́n fi hydrogen sọ di líle, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń jà láti mú kúrò nínú oúnjẹ gbogbo ayé láti 2018.

Air fryer, ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná dín oúnjẹ, yọ ọ̀pọ̀ òróró kúrò, ìrànlọ́wọ́ gidi sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ooru gbígbẹ ló ń lò, torí náà bí a bá jẹ́ kí pòtétò dúdú nínú rẹ̀, acrylamide yóò wà níbẹ̀ náà.

## Ṣé gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ bá fọwọ́ kàn ló burú?

Rárá. Carlos Monteiro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì São Paulo, ní Brazil, ló ṣe ètò ìpín oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní NOVA, tó ń ya oúnjẹ sọ́tọ̀ nípa bí wọ́n ṣe tún un ṣe tó. Pòtétò tí wọ́n gé tí wọ́n sì dì sínú yìnyín láìfi nǹkan kan sí i ṣì wà ní ìpele ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n ti dín lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n fi ṣúgà dextrose pa láwọ̀, tí wọ́n fi kẹ́míkà sí kó má baà ṣú, ti kúrò níbẹ̀.

Ibo gan-an ni ààlà wà? Ó ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní Britain, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Pringles jiyàn pé kò yẹ kí wọ́n san owó orí tó wà fún ṣípìsì, torí pé pòtétò inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Ìyẹ̀fun ni wọ́n pò, tí wọ́n sì tẹ̀ bí àkàrà. Wọ́n jàre ní ilé ẹjọ́ gíga ní 2008, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a nù ní 2009.

Títún pòtétò ṣe ti pẹ́ ju ilé-iṣẹ́ lọ fíìfíì. Ní orí òkè Andes, ní Peru àti Bolivia tí pòtétò ti ṣẹ̀ wá, àwọn àgbẹ̀ máa ń tẹ́ pòtétò sí òtútù òru kó dì, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí omi jáde, wọn a sá a sí oòrùn. Chuño ni wọ́n ń pè é. Ó lè wà nípamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tí wọ́n sì rẹ sínú omi odò máa ń pàdánù oró tó mú pòtétò òkè yẹn korò. Títún un ṣe ló sọ ọ́ di jíjẹ.

## Pòtétò tó ti di àwọ̀ ewé ńkọ́?

Oró yẹn ni solanine àti chaconine, ó sì wà nínú gbogbo pòtétò ní ìwọ̀n kékeré. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀, yóò di àwọ̀ ewé, oró náà sì lè pọ̀ sí i, pàápàá lábẹ́ eèpo àti ní ojú èéhù. Àwọ̀ ewé fúnra rẹ̀ kò lóró, àmì ni. Sísè kì í pa oró náà run tó bí ọ̀pọ̀ ti rò. Bíbó eèpo rẹ̀ nípọn àti gígé ojú èéhù dà nù ló ń ṣiṣẹ́. Ní 1969, àwọn ọmọkùnrin 78 ní ilé ìwé kan ní London ṣàìsàn lẹ́yìn tí wọ́n jẹ pòtétò tó ti pẹ́ nípamọ́, tí wọ́n sì ti sè. Bó bá korò lẹ́nu, ẹ tu ú dà nù.

## Ẹ̀fọ́ ni pòtétò, àbí ẹgbẹ́ ìrẹsì àti búrẹ́dì?

Ibí ni owó àti òfin ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní Britain, pòtétò kò sí lára èso àti ẹ̀fọ́ márùn-ún tí wọ́n ní kí olúkúlùkù jẹ lóòjọ́. Ẹgbẹ́ búrẹ́dì ni wọ́n kà á mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀fọ́ ni, wọ́n sì ń kà á bẹ́ẹ̀ nínú oúnjẹ ilé ìwé. Nígbà tí ìròyìn jáde pé ìjọba lè yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀fọ́ nínú ìlànà oúnjẹ tuntun, àwọn sẹ́nétọ̀ kan kọ̀wé láti tako o ní 2024. Susan Collins ti ìpínlẹ̀ Maine, níbi tí wọ́n ti ń gbin pòtétò púpọ̀, wà lára àwọn tó ṣáájú. Àríyànjiyàn wọn ni pé fítámì àti potassium inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹ̀fọ́. Àwọn tó wà ní òdìkejì ní iṣẹ́ tó ń ṣe sí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ti ọkà. Kò sí èyí tó béèrè bí wọ́n ṣe sè é nínú ìpín méjèèjì.

Ìwádìí 2025 béèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ náà ní ibi tó mọ. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọ̀nyẹn, pòtétò sísè, yíyan àti títẹ̀ wà lórí ìlà kan ṣoṣo. Ẹni tó sè é pẹ̀lú eèpo tó jẹ ẹ́ ní tútù, àti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tà àti mílíìkì, apoti kan náà ni wọ́n fàmì sí.